Bí Mo Ṣe Ń Yan Sóláà Ilé, Láti Orí Mítà Dé Orí Gbèsè

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aago méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ológunẹrú n'Ìbàdàn la wà, nílé Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ kẹta rèé tí a ti ń retí alẹ́ tí iná NEPA máa wà, torí láìsí iná lálẹ́, ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kò ní ṣeé ṣe. Wọ́n pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́fà pé "ó ti dé o," mo fò gun ọ̀kadà láti Mọ́kọ́lá. Ìwọ, gbé kámẹ́rà sún mọ́ mítà yìí dáadáa. Ẹ wò ó: 87.6. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kọ tèmi sí àtẹ́lẹwọ́.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù, lórí fóònù, lọ́jà, kódà níbi ìnáwó tí mo ti ń jẹ ìrẹsì mi jẹ́ẹ́jẹ́, ni "kVA mélòó ni kí n rà?" kVA ni wọ́n fi ń wọn agbára ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí ilé ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí kVA mọ́. Ó ń dùn mí. Ọdún 11 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, èmi náà sì ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, nítorí náà mo ń rí ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo ń rí ẹni tí iná ilé rẹ̀ ń kú lágogo mẹ́wàá alẹ́, mo sì ń rí ẹni tí gbèsè sóláà ń jẹ owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì, kVA ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyí: ínfátà ni èjìká, bátìrì ni ikùn, pánẹ́ẹ̀lì ni ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ. kVA, agbára èjìká nìkan ló ń sọ. Alágbára tí ikùn rẹ̀ ṣófo, ibo ló fẹ́ ru ẹrù dé?

Nítorí náà, ikùn la kọ́kọ́ ń wọ̀n, òru sì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Yúnìtì kan tí ẹ ń rà sórí mítà, ẹgbẹ̀rún wáàtì kan fún wákàtí kan ni. Bí áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì bá gbóná fún wákàtí kan gbáko, yúnìtì kan ti lọ. Bátìrì náà, yúnìtì yìí kan náà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ka mítà ní aago méje alẹ́, ẹ tún un kà ní aago méje àárọ̀. Ohun tó dín, òun ni ilé yín ń jẹ lóru. Kò sí onísóláà kankan tó lè mọ ilé yín ju mítà yín lọ, ẹni tó bá sì dárúkọ iye bátìrì fún yín láìka mítà, ẹ ní kó padà wá lọ́la.

Ẹ má ṣe ojú ayé fún mítà o. Nígbà tí mo wọlé báyìí, Ìyá Ìbejì ti pa fíríìsà torí pé mo ń bọ̀! Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án padà, òru tí ẹ ń sùn lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ rí." Fáànù mẹ́ta, fíríìsà, tẹlifíṣọ̀n títí Bàbá Ìbejì á fi sùn, gílóòbù ìta. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní mítà tí à ń ra káàdì sí, ẹ kọ nǹkan iná yín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ka wáàtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ lóru, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí 1,000, yúnìtì yín nìyẹn. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ó dáa. Títí di àárọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èjìká.

Nǹkan tó máa ń tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìkan ni ẹ máa kà fún ínfátà. Fíríìsà yìí, nǹkan bí 150 wáàtì ni tó bá ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń dìde, ó lè gbà tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Pọ́ńpù omi 1hp, 750 wáàtì, òun náà ń dìde bí akọ màlúù. Ìyá Ìbejì ń rán aṣọ, áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. A ti bá ara wa sọ ọ́: áyọ́ọ̀nù àti pọ́ńpù kò gbọdọ̀ pàdé láéláé, oòrùn aago mọ́kànlá sí méjì ni àwọn méjèèjì máa jẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Pẹ̀lú ìyẹn, 5kVA oní-48 fóòlùtì tó fún wọn dáadáa. Ẹ ka ara ínfátà náà: 5kVA kan máa kọ 5,000 wáàtì sára, òmíràn á kọ 4,000. Orúkọ kan náà, èjìká ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń lo 48? Ẹrù 2,400 wáàtì, lórí bátìrì 12 fóòlùtì, 200 áńpíà ló máa gba inú wáyà kọjá. Lórí 48, 50 ni. Wáyà tín-ín-rín lórí 12 fóòlùtì, mo ti rí èyí tó yọ́ bí àbẹ́là.

Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò tó kọjá pé onísóláà òun ní 5kVA á gbé éésì di àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n, èjìká á gbé e. Éésì 1hp ń jẹ tó 900 wáàtì. Bátìrì tó ní yúnìtì mẹ́rin tó ṣeé lò, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ péré ló máa bá éésì yẹn lò, tí ẹ kò bá tan gílóòbù kan pàápàá. kVA náà tún nìyẹn o!

Bátìrì wàyí. Ah tó wà lára rẹ̀, áńpíà fún wákàtí ni: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po fóòlùtì, ẹ pín in sí 1,000, yúnìtì nìyẹn. Èyí tí à ń bu omi sí, 12 fóòlùtì, 220Ah, mẹ́rin rẹ̀ tí a so pọ̀, lórí ìwé yúnìtì mẹ́wàá àbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Bátìrì lithium, èyí tí a kì í bu omi sí, 51.2 fóòlùtì, 100Ah, yúnìtì márùn-ún ó lé díẹ̀ ni, ẹ sì lè lo 80 nínú 100 rẹ̀ lójoojúmọ́ láìdà á láàmú. Ẹyọ kan lithium ń ṣe iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti mẹ́rin yẹn, ó sì máa ń pẹ́ jù wọ́n lọ fíìfíì. Tí ẹ bá ń ra lithium, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ fóònù, kó fi iye ìgbà tí wọ́n ti gba iná sí i, tí wọ́n ti lò ó tán, hàn yín. Bátìrì tuntun, iye yẹn gbọ́dọ̀ wà nítòsí òdo. Tó bá sọ fún yín pé tuntun ni, tí ẹ rí 900 níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa lọ.

Ti pánẹ́ẹ̀lì tún rọrùn jù. Ẹ mú téèpù dání. Èmi kì í lọ Ògúnpa láìmú téèpù sínú báàgì. Pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì gidi máa ń gùn tó mítà 2.28, ó máa ń fẹ̀ tó 1.13, ó sì máa ń wúwo tó kílò 27 tàbí 28. Oòrùn kì í gba inú orúkọ wọlé, ara ló ń gbà. Èyí tí wọ́n bá lẹ 550 mọ́, tí ọmọdé kan gbé sáre, òótọ́ kò sí níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló ń pe téèpù yẹn ní "ọlọ́pàá màmá wa."

Fíúsì, bíréékà, wáyà ilẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ ẹni tó ń so ó, mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíréékà DC, èyí tí wọ́n ṣe fún irú iná tó ń ti pánẹ́ẹ̀lì wá, ni kí ó fi sí ìdí pánẹ́ẹ̀lì. Ti NEPA kọ́ o.

Ọ̀rọ̀ owó. Ẹ jókòó.

Mo máa ń bi oníbàárà mi pé èló ni jẹ́ẹ̀nì ń jẹ lóṣù. Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, ìdáhùn yẹn ń dẹ́rù bani. Nínú ilé yìí, 4,000 náírà lóòjọ́, 120,000 lóṣù. Òun ni ààlà gbèsè wọn. Ohun tí wọ́n máa san lóṣù kò gbọdọ̀ ju 120,000 lọ, torí owó yẹn ti ń jáde nílé tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù oúnjẹ nítorí rẹ̀. Ààlà kejì: gbèsè gbọ́dọ̀ kú ṣáájú bátìrì. Ẹni tó yá owó ọdún mẹ́ta ra bátìrì tó máa kú ní ọdún kejì, òkú ló ń san owó fún.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó pánẹ́ẹ̀lì tà, mo yá 1,000,000 lọ́wọ́ ilé owó kan níhìn-ín fún oṣù 12. Wọ́n ní èlé náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Mo rò pé orí owó tó bá kù ni wọ́n á máa kà á lé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, èlé mi lápapọ̀ ì bá jẹ́ nǹkan bí 205,500. Àṣé orí mílíọ̀nù yẹn gangan ni wọ́n ń kà á lé láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Kódà nígbà tí gbèsè mi kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ mọ́, 30,000 ni èlé oṣù yẹn. 360,000 ni mo san. Mo sunkún lójú títì Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lóye rẹ̀. Látìgbà náà, mi ò béèrè "èló lórí ọgọ́rùn-ún" mọ́. "Èló ni gbogbo owó tí màá san títí á fi tán?" ni mò ń béèrè, mo sì ń gbà á lórí ìwé.

Báńkì wà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní oṣù Kọkànlá 2024, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú 100 lọ́dún, ti báńkì sì máa ń jókòó lé e lórí. Àwọn tó ń gbé sóláà fúnni kí a máa san díẹ̀díẹ̀ náà wà. Lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè ìgbà tí ẹrù máa di tiyín, bóyá wọ́n lè ti iná pa láti ọ̀nà jíjìn tí owó bá pẹ́, àti iye tí yóò jẹ́ lápapọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ máa san tí ẹ bá rà á lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tí kò ní àkójọ kankan, tí gílóòbù mẹ́ta àti fáànù tó fún, ó dáa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni! Ẹ tìtorí rẹ̀ bá ara yín sọ̀rọ̀ nílé. Bàbá Ìbejì ní 700,000 lẹ́gbẹ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n ń yá ènìyàn ní ìlọ́po méjì, 1,400,000. Èlé wọn, náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 140,000. Oṣù 14, 110,000 lóṣù. Ó bọ́ sábẹ́ ààlà wa, 10,000 sì kù lọ́wọ́ lóṣooṣù. Èésú Ìyá Ìbejì bọ́ sí i lóṣù tó kọjá, 1,000,000. Gbogbo ohun tí a ní nìyẹn, 2,400,000, inú rẹ̀ ni a máa gbé iṣẹ́ yìí ṣe. Àkójọ wọn lẹ́gbẹ́ ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Tí owó kò bá tó, ẹ ra ínfátà àti bátìrì ṣáájú, kí NEPA máa kún un, kí pánẹ́ẹ̀lì wá tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí iná ti ń wá ju wákàtí mẹ́wàá lọ lójoojúmọ́ nìkan ni èyí dáa fún.

Ó tó. Mo ń lọ sùn.

Ẹ káàárọ̀ o! Aago méje géérégé. Mítà: 84.3. Lánàá, 87.6. Yúnìtì 3.3 ti lọ. Iná lọ lágogo méjì òru, ó dé lágogo mẹ́ta, Bàbá Ìbejì ló jí kọ ọ́, ẹ bá mi kí wọn. Wákàtí 11 ni mítà fi ṣiṣẹ́, 0.3 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ti wákàtí kan tí iná lọ kún un: 3.6. Ínfátà fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lójú ọ̀nà, nítorí náà a pín 3.6 sí 0.9, ó di mẹ́rin. Lithium ẹyọ kan, 80 nínú 100 rẹ̀, 4.1. Ó ṣe rẹ́gí! Ẹni kan ti kọ́kọ́ fẹ́ ta méjì fún wọn kí n tó dé.

Pánẹ́ẹ̀lì: yúnìtì mẹ́rin láti fi kún bátìrì, mẹ́ta fún ìránṣọ ọ̀sán, méje. Ẹyọ 550 kan, oòrùn Ìbàdàn tó kún tó wákàtí mẹ́rin, a yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru àti eruku, yúnìtì 1.65 lóòjọ́. A pín méje sí 1.65, mẹ́rin ó lé díẹ̀ ló jáde, mẹ́fà la máa gbé, nítorí òjò oṣù Keje àti ìkùukùu oṣù Kẹjọ. Mẹ́fà tí a so tẹ̀léra, tí fóòlùtì wọn ń ròpọ̀, nǹkan bí 300 fóòlùtì, ínfátà yìí lè gbà dé 500. Ẹni tó so mẹ́wàá tẹ̀léra lórí ínfátà irú èyí, òun ló jó o, kó má fi NEPA sùn.

Páànù ẹ̀yìn ilé kọjú sí gúúsù, ibẹ̀ ni mo fẹ́, ó sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, òjò á máa fọ̀ ọ́. Igi máńgòrò aládùúgbò yẹn ni mo ń wò. Òjìji orí pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Ìwọ, fi kámẹ́rà sílẹ̀, di àkàbà yìí mú fún mi, kí n lọ wo ibi tí òjìji rẹ̀ dé kí oòrùn tó ga.