Wọ́n Ta Ilé Ìròyìn, Ta Ló Kù ní Pápá?

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo pátákó dúdú tó wà lẹ́yìn mi yìí. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ni mo dúró sí, níbí ní Ìta Ẹlẹ́wà, n'Íkòròdú. Ṣọ́ọ̀kì ni ọ̀gá tó ni ibẹ̀ fi kọ eré òpin ọ̀sẹ̀ síbẹ̀: Liverpool, Arsenal, aago tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, iye tí ẹ máa san lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀, ó ti nu iye owó yẹn, ó tún un kọ, ó tún nù ún, títí ojú ibẹ̀ fi funfun ju ibi yòókù lọ. Bí mo ṣe ń ya pátákó yẹn ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní wọ́n ti ta àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá fún wa. Ṣé bọ́ọ̀lù ò ní bá a lọ báyìí?"

Ìbéèrè yẹn ló bí fídíò tòní.

Òótọ́ ni, wọ́n tà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé, gba àkóso MultiChoice, ilé-iṣẹ́ South Africa tó ni DStv, GOtv àti SuperSport. Canal+ yìí kì í ṣe àjèjì sí bọ́ọ̀lù o. Òun ló ni PSG, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú Paris, láti 1991 títí di 2006, kí owó Qatar tó dé ibẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ṣé bọ́ọ̀lù á bá a lọ? Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù ṣàlàyé. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n, líìgì ló ni ín. Tẹlifíṣọ̀n kàn ń háyà rẹ̀ ni, fún ọdún mélòó kan. Bí ẹnì kan bá háyà ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ṣábọ̀, tó wá ta òwò inú rẹ̀ fún ẹlòmíì, ìwé àdéhùn tó bá onílé ṣe ṣì dúró títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Torí náà, ọjọ́ tí wọ́n ta ilé-iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kí ẹ máa wò. Ọjọ́ tí owó háyà bá tán ni. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá tuntun máa jókòó, tó máa ṣírò bóyá ó yẹ kí òun tún un san.

Ibi tó sì ti le gan-an nìyí: owó wo ni ọ̀gá tuntun fi rà á? Ẹ̀yin awakọ̀ tó wà ní Gáréèjì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní háyà pọ́chéèsì. Ẹ gba dáńfó láì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, dáńfó yẹn náà ló máa máa pa owó tí ẹ máa fi san án. Bí ọjà bá wá dákẹ́, kí lẹ máa kọ́kọ́ gé? Ẹ ò ní lè gé owó ẹni tó yá yín. Táyà lẹ máa gé. Ẹ ó máa fi táyà tó ti jẹ sáré títí tó fi máa bẹ́ ní ojú títì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ra ọ̀pọ̀ ilé ìròyìn. Wọ́n á yá owó rà á, wọ́n á gbé gbèsè náà lé ilé ìròyìn fúnra rẹ̀ lórí. Akọ̀ròyìn ni táyà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Chicago, ní Amẹ́ríkà, torí kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó ibẹ̀. Tribune Company ló ń tẹ ìwé ìròyìn Chicago Tribune. Wọ́n ní rédíò, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n. Ní 1981 wọ́n ra Chicago Cubs, ẹgbẹ́ baseball ìlú náà, ní mílíọ̀nù 20.5 dọ́là. Ọgbọ́n ló wà níbẹ̀: dípò kí tẹlifíṣọ̀n wọn máa wá ohun tó máa gbé jáde kiri, eré wà nílé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí 2007, oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sam Zell gba ilé-iṣẹ́ náà nínú àdéhùn tó tó bílíọ̀nù 8.2 dọ́là. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: mílíọ̀nù 315 péré ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Gbèsè ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Kò pé ọdún kan tó fi wó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008 wọ́n lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ eléré? Wọ́n tà á fún ìdílé Ricketts ní 2009, nínú àdéhùn tó tó mílíọ̀nù 845. Ohun tí wọ́n rà ní 20.5! Nígbà tó sì di 2016, Cubs gba ife tí wọn ò rí gbà láti 1908. Ìyẹn ẹgbẹ́ o. Ìwé ìròyìn ńkọ́? Ọdún mẹ́rin ló fi wà lábẹ́ ilé ẹjọ́. Nígbà tó di 2021, ilé-iṣẹ́ olówó kan, Alden Global Capital, rà á, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń fún àwọn oníròyìn lówó pé kí wọ́n gbà, kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú ìtàn kan yìí. Bí ilé bá ń jó, ẹgbẹ́ eléré ní ẹni tó máa sáré wọlé wá gbé e jáde. Olówó pọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀gá ẹgbẹ́. Ta ló ń sáré wọlé wá gbé akọ̀ròyìn jáde?

Ẹ̀yin ọmọ Liverpool, ó kàn yín. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ New York Times ra ìwé ìròyìn Boston Globe ní bílíọ̀nù 1.1 dọ́là. Ní 2002 ó tún dá owó sí ìdókòwò àwọn tó ra Boston Red Sox, baseball náà ni. Àwọn yẹn kan náà, tí John Henry jẹ́ olórí wọn, ló ra Liverpool ní 2010, ní mílíọ̀nù 300 páùn. Ẹ ò rí nǹkan? Fún ìgbà díẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní New York ní ìpín nínú Liverpool. Nígbà tí nǹkan le fún Times, ó ta ìpín yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán ní 2012. Ní 2013 ó ta Globe fúnra rẹ̀. Ta ló rà á? John Henry. Mélòó? Mílíọ̀nù 70. Ogún ọdún ni bílíọ̀nù kan àti díẹ̀ fi di mílíọ̀nù 70.

Níbẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn ló ní ìpín nínú ẹgbẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló ra ìwé ìròyìn. Wàyí o, kí ni akọ̀ròyìn Globe máa ṣe lọ́jọ́ tí Red Sox bá ta agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ìlú fẹ́ràn? Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà ló ni ìwé ìròyìn yìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé nípa ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò lè fúyẹ́ bíi tẹni tí kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.

New York Times náà, ní 2022, ra The Athletic, ìròyìn eré ìdárayá orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní mílíọ̀nù 550. Ní 2023 ó ti ẹ̀ka eré ìdárayá tirẹ̀ pa, ó ní The Athletic á máa bá òun ṣe é.

Nígbà míì, ẹgbẹ́ ló ń fara gbá. Ní England, ITV Digital, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n alásanwó, ṣèlérí mílíọ̀nù 315 páùn fún ọdún mẹ́ta fún àwọn ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ Premier League. Àwọn ẹgbẹ́ ra agbábọ́ọ̀lù, wọ́n fọwọ́ sí owó oṣù ńlá. Ní 2002, ITV Digital wó. Wọ́n ní kí Carlton àti Granada, àwọn méjì tó ni ín, wá san. Ilé ẹjọ́ ní rárá, wọn ò fọwọ́ síwèé pé àwọn á ṣe onídùúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta nílé alájẹṣẹ́kù n'Íkòròdú, wọ́n á béèrè onídùúró méjì! Leicester City, tí Ndidi àti Iheanacho gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà tó yá, wà lára àwọn tí gbèsè bò mọ́lẹ̀ lọ́dún yẹn.

Nílé wa ńkọ́? Ìwé ìròyìn Daily Times bẹ̀rẹ̀ ní 1926. Ìjọba àpapọ̀ gba ìpín 60 nínú 100 rẹ̀ ní 1975, wọ́n sì tà á fún Folio Communications ní 2004. Bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn lójú ọ̀nà Ṣábọ̀, tó máa ń fi òkúta lé ìwé kọ̀ọ̀kan lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e, sọ fún mi pé nígbà ọ̀dọ́ òun, ẹ̀yìn ìwé làwọn èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà. MKO Abíọ́lá ní ìwé ìròyìn Concord, ó tún ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Abiola Babes l'Abẹ́òkúta, tó gba ife Challenge Cup ilẹ̀ wa ní 1985 àti 1987. Ìjọba ológun ti Concord pa ní 1994, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ June 12. Lónìí, kò sí Concord, kò sí Abiola Babes. Wọn ò ta ìyẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orí igi kan náà ni ẹyẹ méjèèjì bà sí.

Ní 2024, Ikorodu City gòkè sí NPFL, líìgì àgbà ilẹ̀ wa. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n Mobolaji Johnson Arena l'Óníkan ni wọ́n ti ń gbá eré ilé wọn. Inú mi dùn sí wọn gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni nǹkan tó wà nísàlẹ̀ wọn, àwọn pápá eléruku tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde wá. Kò sí olówó Faransé tàbí ti Amẹ́ríkà tó máa ra ẹ̀tọ́ láti gbé ìyẹn sáfẹ́fẹ́. Akọ̀ròyìn tó ní owó ọkọ̀ lápò nìkan ló lè débẹ̀, kó béèrè ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí pápá, kó béèrè ibi tí owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òbí wọlé sí. Òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ dá dúró ní gbogbo ibi tí mo ti ka ìtàn rẹ̀ fún yín yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí ọ̀kan nínú àwọn pápá yẹn, lápá Ẹ́bùúté. Kóòṣì wọn ní ìwé ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́, irú tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo eré tí wọ́n ti gbá ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́, ẹni tí wọ́n bá gbá, ẹni tó jẹ góòlù, ìṣẹ́jú tó jẹ ẹ́. Mo bi í pé ta ló ń kọ ọ́ fún. Ó ní kò sí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè lọ́jọ́ kan, kó lè bá a níbẹ̀.

Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo ya ojú ewé kan. Ẹ jẹ́ kí n gbé e súnmọ́ kámẹ́rà, kí ẹ lè kà á.