Bí A Ṣe Ń Dá Àwọ̀ Aró Padà Sára Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè nípa ẹnu ìbọn tó ti bó funfun, tiyín rèé lónìí. Ìbọn ilé iṣẹ́ Uberti ni eléyìí, Ítálì ni wọ́n ti ṣe é, ìbọn ìléwọ́ Colt ti Amẹ́ríkà, ti ọdún 1873, ni wọ́n sì wò ṣe é. Àpò aláwọ tí wọ́n ń kì í bọ̀ ló ha ẹnu rẹ̀ báyìí.

Ẹ fa òòlù rẹ̀ dé ìdajì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ẹ máa yí àgbá, kí ẹ wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí ọta? Ẹ tún un wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, torí oògùn tá a fẹ́ lò, ìyẹn aró tútù tí wọ́n ń fi pa irin láró láìsè é, ní selenium nínú, májèlé ni.

Ó yá, ọ̀rá! Gbogbo iṣẹ́ yìí, ọ̀rá yíyọ ni. Ẹ fi acetone, omi tó ń yọ ọ̀rá, nu irin náà, ẹ pààrọ̀ òwú, ẹ tún un nu, títí òwú ò fi ní dọ̀tí mọ́. Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi pé oògùn àwọn kì í mú, ọ̀rá ìka ọwọ́ wọn ni kò jẹ́ kó mú. Kànìnkànìn onírin olódo mẹ́rin (0000) náà ní òróró lára látinú pálí tó ti wá. Ẹ fi acetone fọ òun náà! Ọ̀pọ̀ ni ò mọ èyí.

Ẹ fi dráyà irun mú irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi òwú tọ́ oògùn díẹ̀, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan láti ibi tó ṣì dúdú wá síbi tó funfun, kí ààlà má baà hàn. Ìṣẹ́jú kan, omi tútù, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi kànìnkànìn ra á jẹ́jẹ́. Ó ṣe bí eérú? Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Aláró kì í ri aṣọ lẹ́ẹ̀kan kó ní ó ti di ẹtù. Ẹ padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Ẹ má jẹ́ kó kan ara rẹ̀ aláwọ̀ mèremère yìí o, àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní case hardening ni (mímú ojú irin le nínú iná), oògùn á bà á jẹ́. Tó bá sì jẹ́ Colt gidi ayé ìgbàanì ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án! Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ fẹ́ àwọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ti ṣá ju èyí tẹ́ ẹ tún kùn lọ. Owó ńlá lẹ ń fọ̀ dànù yẹn.

Ẹ wò ó lábẹ́ iná. Ẹni tó bá lè fi ìka tọ́ka síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, kó jáde! Ẹ wá fi ọ́ìlì kùn ún dáadáa, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú, torí aró tútù yìí kì í dènà ìpẹtà tó èyí tí ilé iṣẹ́ ń sè nínú iyọ̀ gbígbóná. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ nù ún, ẹ tún ọ́ìlì mìíràn kùn ún.