Lẹ́ǹsì 18-35 lẹ́nu kámẹ́rà kékeré: òrùka àárín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ káàárọ̀ o. Ọjà Olúwo, nílùú Ẹ̀pẹ́, la wà yìí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn níbi tí mo dúró sí, èyí tí màmá ẹlẹ́ja yìí so mọ́ òpó àtíbàbà wọn. Ẹ wo ọwọ́ wọn. Ẹ wo bí ìpẹ́ epìyà yẹn ṣe ń ta sókè bí wọ́n ṣe ń ha á, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kọ mànà kó tó balẹ̀.

N ò gbé iná kankan wá. Kámẹ́rà kékeré ni mo fi ya ohun tẹ́ ẹ ń wò yìí, irú èyí tó lè wọ àpò agbádá. Lẹ́ǹsì ẹnu rẹ̀ ló wá tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn méjèèjì papọ̀, bí ọmọdé tó dé fìlà bàbá rẹ̀ ni wọ́n rí. Òrùka tó so wọ́n pọ̀ láàárín ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Sigma 18-35mm f/1.8 ni lẹ́ǹsì yẹn. 18 sí 35 ni ìwọ̀n súùmù rẹ̀: bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ibi tí àwòrán ń kó ṣe ń fẹ̀ tó. Ọdún 2013 ni wọ́n gbé e jáde, kò sì tíì sí lẹ́ǹsì súùmù kankan fún kámẹ́rà DSLR onísẹ́ńsọ̀ APS-C nígbà náà tí ihò rẹ̀ ń ṣí dé 1.8 láti ìbẹ̀rẹ̀ súùmù títí dé òpin rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé nínú kámẹ́rà; APS-C jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ kan, ó tóbi ju ti kámẹ́rà mi lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ti 1.8 yẹn kíá. Bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ǹsì ṣe ń fẹ̀ tó. Lẹ́ǹsì tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, 3.5 sí 5.6 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ ṣáà ti fà á súnmọ́ tọkọtaya báyìí, ó ti di 5.6. Ìmọ́lẹ̀ tí 1.8 ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti 5.6. Nínú gbọ̀ngàn tí díjéè ti ní kí wọ́n pa gbogbo iná, tó ku iná aláwọ̀ búlúù àti pupa tó ń yí kiri, ibi tí lẹ́ǹsì kan ti ń fún yín ní ojú ìyàwó tó ń dán ni èkejì ti máa fún yín ní hóróhóró bíi gààrí ìjẹ̀bú.

Ṣùgbọ́n ẹnu lẹ́ǹsì yìí àti ẹnu kámẹ́rà mi, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń so mọ́ra, ò bára wọn mu. Ẹnu Canon EF ni lẹ́ǹsì tèmi ní. Ẹnu Micro Four Thirds ni kámẹ́rà mi ní, èyí tí Olympus àti Panasonic jọ kéde lọ́dún 2008, tí Panasonic GH5 àti Blackmagic Pocket 4K náà ń lò. Ohun tó ń pàdé wọn láàárín ni òrùka yìí, àdápítà. Àwọn èèyàn á náwó gọbọi lórí lẹ́ǹsì, tó bá wá kan òrùka, wọ́n á ní èyí tó bá ti wà náà nìyẹn. Mo mọ̀ wọ́n. Èmi gan-an wà lára wọn.

Báwo ló ṣe ṣeé ṣe pàápàá? Láti ẹnu kámẹ́rà Canon EF dé ojú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, 44mm ni. Ti Micro Four Thirds kò ju 19.25mm lọ. Àlàfo tó ṣẹ́ kù, bíi 25mm, ibẹ̀ ni òrùka ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ǹsì kámẹ́rà ńlá fi ń gun kékeré, tí ti kékeré ò sì lè gun ńlá: kò sí àyè tẹ́ ẹ máa ki òrùka sí.

Òrùka àkọ́kọ́ tí mo rà, irin lásán ni. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, gbogbo lẹ́ǹsì ló ń gbé." Ó sì gbé e lóòótọ́, ó dún "kà" báyìí, mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbé e lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọ̀sán gangan, nínú ọgbà, oòrùn ń ta bí ata. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: gbogbo àwòrán funfun báláú. Aṣọ ìyàwó funfun, ìyẹn yẹ bẹ́ẹ̀. Gèlè ìyá ọkọ, tó jẹ́ aláwọ̀ osùn, òun náà funfun. Mo ń yí bọ́tìnnì kiri bí ẹni tó ń wá rédíò. Alága ìdúró ti rí i pé nǹkan ń ṣe mí, ó ní, "Fídíò, ṣé àwòrán ò sí ni?" Mo ní, "Ó wà, Mà." Kò sí.

Ẹ wo ẹ̀yìn lẹ́ǹsì yìí dáadáa. Ẹ rí àwọn tóńtó góòlù tó tò síbí? Ara wọn ni kámẹ́rà ti ń bá lẹ́ǹsì sọ̀rọ̀. Lẹ́ǹsì EF kò ní òrùka tẹ́ ẹ lè fọwọ́ yí láti fún ihò rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń ṣí i tó ń pa á dé, kámẹ́rà ló sì ń fún un ní iná yẹn. Òrùka irin lásán ò gbé iná kankan kọjá, nítorí náà ihò dúró ní gbayawu sí 1.8 nínú oòrùn ọ̀sán. Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà o: ẹ fi lẹ́ǹsì sẹ́nu kámẹ́rà Canon gan-an, ẹ yan nọ́ńbà ihò tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń wo ihò ṣáájú mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ lẹ́ǹsì láìtíì gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀. Ihò á dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa gbé kámẹ́rà kejì kiri nítorí ìyẹn? Ẹ yẹ inú òrùka wò kẹ́ ẹ tó sanwó: tí kò bá ní tóńtó góòlù níwájú àti lẹ́yìn, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ẹnu Nikon ló lè lo irin lásán, torí àwọn kan wà tó ní òrùka kékeré tó ń ti ìdè ihò náà fúnra rẹ̀.

Ó wá ku òrùka tó ní dígí nínú. Mo fi ìka tọ́ ọ báyìí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín. Búsítà la ń pè é. Ọdún 2013 kan náà ni ti ilé-iṣẹ́ Metabones, Speed Booster, dé ọjà, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Caldwell Photographic.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe, ẹ rántí àrọ tí àwọn elépo fi ń da epo pupa sínú ìgò. Ẹnu garawa fẹ̀, ẹnu ìgò kéré. Ẹ dà á láìlo àrọ, èyí tó pọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ìgò dànù sílẹ̀. Lẹ́ǹsì APS-C yìí ń ya àwòrán rẹ̀ ní rìbìtì tó fẹ̀ ju sẹ́ńsọ̀ Micro Four Thirds lọ, torí sẹ́ńsọ̀ tiwa kò ju 17.3mm sí 13mm lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara ògiri dúdú inú kámẹ́rà ló ń lù. Dígí búsítà ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ padà sójú sẹ́ńsọ̀. Kò dá ìmọ́lẹ̀ tuntun kankan. Ó kàn sọ pé kí epo má dànù.

Nọ́ńbà rẹ̀, 0.71 ni. Ẹ fi sọ 18 di púpọ̀, ó di bíi 13. Ẹ fi sọ 35 di púpọ̀, bíi 25. Ẹ fi sọ 1.8 di púpọ̀, ó bọ́ sí bíi 1.3, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá mọ kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ ńlá, full frame, á fẹ́ gbọ́ ọ báyìí: pẹ̀lú òrùka lásán, fífẹ̀ àwòrán yín dà bí 36 sí 70, pẹ̀lú búsítà, bíi 26 sí 50. Nínú pálọ̀ ìdána tí ẹ̀yìn yín ti kan ògiri, tí ẹbí ìyàwó sì kún bámúbámú, 26 àti 36 kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá.

Viltrox náà ń ṣe 0.71 kan, EF-M2, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Lójú tèmi, etí àwòrán rẹ̀ a máa rọ̀ díẹ̀ tí ihò bá ṣí tán, ṣùgbọ́n fún ìnáwó, ta ló ń wo etí? Èyí tó jẹ́ 0.64 náà wà, dígí rẹ̀ sì ń wọlé jìn. Ẹ rí i dájú pé orúkọ kámẹ́rà yín wà lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún kẹ́ ẹ tó yí i wọlé, kó má lọ gbá nǹkan nínú. Ẹ̀yin oní-Sony APS-C, ẹ̀yin ò nílò dígí o. Rìbìtì àwòrán lẹ́ǹsì yìí kò ju ti sẹ́ńsọ̀ tiyín lọ. Tẹ́ ẹ bá fi búsítà sí i, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dúdú.

Lẹ́ǹsì yìí wúwo tó bíi giráàmù 810. GH5 tòun ti bátìrì rẹ̀ kò ju 725 lọ. Nítorí náà, lẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ fọwọ́ òsì gbé, kámẹ́rà ló máa tẹ̀ lé e. Tí òrùka yín bá ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ dè mọ́ tíráípọ́ọ̀dù.

Fókọ̀ọ̀sì ńkọ́? Ẹ gbàgbé àdáṣe. Pẹ̀lú òrùka láàárín, á máa wá kiri bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Ọwọ́ ni mo ń lò, pẹ̀lú àmì pupa tó ń yọ lójú kámẹ́rà níbi tó bá mú. Lónìí náà ó tàn mí. Mo ṣí ihò tán, mo ya màmá, mo fi han wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú mi ńkọ́? Ṣé ọ̀bẹ lo wá yà ni?" Òótọ́ ni. Ọ̀bẹ hàn kedere, èèyàn dà bí ẹni tó wà nínú ọyẹ́. Bí ihò bá ṣí tán, ibi tí fókọ̀ọ̀sì ń mú kì í pọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà." Mo fún ihò dé 2.8, mo tún wọn yà. Ẹ wò ó. Ọwọ́ hàn, ọ̀bẹ hàn, ẹ̀rín wọn náà hàn.

Gílóòbù yìí ò ṣẹ́jú nínú fídíò torí mo fi ìdélẹ̀kùn kámẹ́rà, ìyẹn àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Iná ìlú wa 50 hertz ni, àwọn méjèèjì jọ ń rìn. Tí oòrùn bá yọ, ẹ má fọwọ́ kan 1/50 yẹn. Fíltà ND, dígí dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ni kẹ́ ẹ dè, ẹnu 72mm.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ohun kan. Ẹ̀pẹ́ ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibí. Dígí inú lẹ́ǹsì lè bu bíi búrẹ́dì ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Àwọn àpò kóró kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má dà wọ́n nù mọ́, ẹ kó wọn ti lẹ́ǹsì nínú àpò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún dé etí omi báyìí, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí èyí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ti fa súùmù dé 18, níbi tí àṣìṣe òrùka ti máa ń hàn jù lọ, mo sì yí fókọ̀ọ̀sì dé ibi tó jìn jù. Àwọn iná òdìkejì ọ̀sà yẹn, ó yẹ kí wọ́n rí bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ wò wọ́n: wọ́n wú bí àkàrà. Ìyẹn ni pé dígí búsítà ò jókòó síbi tó yẹ. Ṣíkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbí. Mo yọ òrùka kúrò lẹ́nu kámẹ́rà, mo tú ṣíkúrù díẹ̀, mo yí dígí bí ìbú irun kan, mo dá a padà sẹ́nu kámẹ́rà, mo wò. Wọ́n ṣì wú. Mo tún yọ ọ́, mo yí i díẹ̀ sí i. Wọ́n ń kéré bọ̀... wọ́n ń kéré bọ̀... ẹ rí i? Iná ọkọ̀ ojú omi yẹn gan-an ti di tóńtó. Ẹ jẹ́ n dè é kí ọwọ́ mi tó gbọ̀n.