Ta Ló Yẹ Kó Wá Ẹ̀rí? Owó Gbà-má-bínú Lórí Ẹ̀jẹ̀ Alárùn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: bí ìjọba bá fi ìtọ́jú pa èèyàn lára, tí ìwé ìtọ́jú náà sì wà níkàáwọ́ ìjọba, ìjọba ló yẹ kó wá ẹ̀rí, kì í ṣe aláìsàn. Ibi yòówù kí àlàyé gbé mi gbà, ibẹ̀ ni màá padà sí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí ilé ìwòsàn ìjọba fún àwọn aláìsàn ló kó HIV àti mẹ́dọ̀wú, àrùn ẹ̀dọ̀, ràn wọ́n. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò oògùn. Ẹni tó ní hẹmofílíà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì bó ṣe yẹ, torí èròjà tí wọ́n ń pè ní Factor VIII kò tó lára rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, cryoprecipitate ni wọ́n ń fún un: inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, inú yìnyín ni wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ sí. Ní 1973, Factor VIII oníyẹ̀fun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣeé tọ́jú sínú fìríìjì ilé. Aláìsàn á po ó, á sì gún un fún ara rẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ da omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn pọ̀ sójú kan, ó sì lè tó 40,000 nígbà míì. Ẹnì kan péré tó ní kòkòrò lára láàárín wọn ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, títí kan àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tó nílò owó lójú méjèèjì, ṣé ó máa jẹ́wọ́ àìsàn?

Wọ́n mọ̀ pé àrùn mẹ́dọ̀wú ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n tipẹ́. Síbẹ̀, October 1985 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún HIV, ó sì di September 1991 kí ti mẹ́dọ̀wú C tó bẹ̀rẹ̀. Japan ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1989! Àwọn tó kó àrùn lé ní 30,000, nǹkan bí 3,000 sì ti kú. Ní Treloar's, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara tí wọ́n ti ń fún wọn ní oògùn yìí, ọmọ 122 tó ní hẹmofílíà ló gba ibẹ̀ kọjá láàárín 1970 sí 1987. Nǹkan bí 30 ló ṣẹ́ kù láyé.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir Brian Langstaff, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, darí gbé àbọ̀ jáde ní 20 May 2024: kì í ṣe ṣèèṣì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣeé yẹra fún, wọ́n bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ba àwọn ìwé ìjọba kan jẹ́. Ẹ gbọ́ o: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́! Báwo ni ẹni tó ba ìwé jẹ́ á ṣe wá máa bi aláìsàn pé, "Ìwé rẹ dà?"

Ohun tí wọ́n sì ń bi wọ́n nìyẹn. Wọ́n dá Macfarlane Trust, àjọ tó ń pín owó ìrànwọ́, sílẹ̀ ní 1988 fún àwọn tó ní HIV, bí ẹni ń ṣàánú. Nígbà tí ìjọba san owó ní 1991, ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní pe ẹjọ́ mọ́, títí kan ẹjọ́ lórí mẹ́dọ̀wú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní mẹ́dọ̀wú C lára, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ fún wọn. Skipton Fund, owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú C, tẹ̀ lé e ní 2004: £20,000, àti £25,000 sí i tí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá ààlà. Ẹni tí kò rí ìwé ilé ìwòsàn mú wá, wọ́n dá tiẹ̀ padà. Àwọn kan ṣì ń wí pé bí a bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, oníjìbìtì á wọlé. Èèyàn ò lè dibọ́n pé ẹ̀dọ̀ òun ti bàjẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á tú u fó.

Òfin 2024 ló dá Infected Blood Compensation Authority, IBCA, àjọ tó ń san owó gbà-má-bínú yìí, sílẹ̀, ìjọba sì ya £11.8 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún owó náà ní October ọdún yẹn. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀...

Ibí yìí ni màmá kan ti na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní àbúrò àwọn bímọ sí London ní 1984, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Abẹ́òkúta ló wà báyìí. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn án?

Ó kàn án gan-an, Màmá. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Kì í ṣe ti hẹmofílíà nìkan: àwọn aboyún tó pàdánù ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, náà wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Mẹ́dọ̀wú C lè sùn sára fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, láìjẹ́ kí ara ro èèyàn. Àyẹ̀wò antibody á sọ bóyá ó ti wọlé rí. Tí ó bá fi hàn, kí wọ́n ṣe RNA, tó máa sọ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Tó bá wà, oògùn oníhóró ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ń wo èyí tó pọ̀ jù sàn. Ìlera ṣáájú owó.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ̀wé sí ilé ìwòsàn náà. Tó bá ti di títì pa, kí wọ́n kọ ọ́ sí èyí tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n má kàn béèrè "ìwé mi" lásán. Kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n ń wá: ìwé ìrọbí, ìwé yàrá iṣẹ́ abẹ, iye ẹ̀jẹ̀ ara ṣáájú àti lẹ́yìn ìbímọ, àti lẹ́tà tí wọ́n kọ sí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò. Bí ilé ìwòsàn bá fèsì pé àwọn ti sọ ọ́ nù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Ìwé yẹn fúnra rẹ̀, ẹ̀rí ni: ó fi hàn pé ẹ ti wá a, àti pé kì í ṣe ọwọ́ yín ló ti sọnù. Kí ẹ fi ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ náà tì í, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àkókò ti lọ, mo fẹ́ sáré. Ọ̀nà márùn-ún yẹn: ìpalára ara, ìtìjú láwùjọ, ẹ̀tọ́ ìpinnu tí wọ́n fi dù ú, ìtọ́jú, àti owó tó pàdánù. Ọkọ, aya, òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó kó àrùn pàápàá lè béèrè tiwọn. Tí ẹni tó kó àrùn bá ti kú, ẹni tí òfin fún láṣẹ lórí ogún rẹ̀ ló máa béèrè, ẹ tètè gba ìwé àṣẹ yẹn. Ìjọba kì í gba owó orí lórí owó yìí.

Ẹ̀yin tó bá sì ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP tuntun ní England, wọ́n ti ń béèrè báyìí bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára ṣáájú 1996. Ẹ má fò ó. Bí ẹ ò bá rántí, ẹ pe ìyá yín kí ẹ tó kọ "rárá".