Èéfín Tó Ń Rú Láti Inú Ilẹ̀

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 16:13, 21:14-19

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹ kú ewu òru.

Nígbà tí omi inú ìgò awọ Hágárì tán ní aginjù, ó gbé ọmọ rẹ̀ sábẹ́ igbó kékeré kan, ó lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán kó má baà fojú rí ikú ọmọ náà, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ wo ohun tí áńgẹ́lì kọ́kọ́ sọ. Ó bi í pé kí ló ṣe é, ó ní kó má bẹ̀rù. Kò bá a wí nítorí ẹkún. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run ṣí i lójú, ó sì rí kànga omi kan.

Ní ọdún 1877, àwọn ènìyàn dúdú láti Kentucky, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe ẹrú rí, lọ tẹ ìlú kan dó ní pápá ìwọ̀-oòrùn Kansas, ní Amẹ́ríkà. Nicodemus lorúkọ rẹ̀. Ìwé ìpolówó tí wọ́n pín fún wọn ti ṣèlérí ibi tó dára. Ní ìgbà ìrúwé 1878, Willianna Hickman, ìyàwó òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, bá àwọn míì wá. Wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ellis, èéyi kọlu àwọn ọmọdé níbẹ̀, àwọn kan sì kú. Láti ibẹ̀, ìrìn ọjọ́ 2 ló kù pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Kò sí títì. Kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ nawọ́ pé Nicodemus nìyẹn, ó wò títí, kò rí ilé kankan. Èéfín ló rí tó ń rú láti inú ilẹ̀, torí inú ihò ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé. Willianna bú sẹ́kún.

Irú ihò wo? Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe ògiri ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Òkúta tàbí ilẹ̀ tí wọ́n gé tòun ti koríko ni wọ́n fi ń mọ iwájú. Wọ́n á to igi sókè, wọ́n á kó ẹ̀ka àti koríko lé e, wọ́n á wá da erùpẹ̀ bò ó. Igi kì í sì í pọ̀ ní pápá yẹn, àfi létí odò, nítorí náà òrùlé kì í lágbára. Bí òjò bá rọ̀, ilé á jo. Bí òjò bá sì dá, omi ẹlẹ́rẹ̀ á ṣì máa kán sínú ìkòkò ọbẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, torí erùpẹ̀ orí ilé ti mu omi yó. Ejò a máa já bọ́ láti òkè. Ẹni tó bá ní aṣọ á ta á sábẹ́ òrùlé kó lè gba erùpẹ̀ àti kòkòrò. Ẹni tí kò ní á fara mọ́ ọn. Ní Nicodemus yìí ni Emma Williams ti bí ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí nílùú náà, ní oṣù kẹwàá 1877, láìpẹ́ sígbà tí wọ́n dé.

Ìgbẹ́ ẹfọ̀n àti ti màlúù tó gbẹ kanlẹ̀ làwọn obìnrin pápá fi ń dáná. Èyí tó bá tutù kì í jó, èéfín lásán ni. Torí náà, kí òjò tó dé ni wọ́n ti ń ṣà á jọ. Ó ń tètè jó tán, eérú rẹ̀ sì pọ̀. Ìyá tó ń po ìyẹ̀fun á dáwọ́ dúró, á kó ìgbẹ́ síná, á fọwọ́, á padà sídìí ìyẹ̀fun, àìmọye ìgbà kí búrẹ́dì kan tó jinná. Omi tó sì fi ń fọwọ́ yẹn, òun ló rù ú láti odò. Garawa 2 tó gba lítà 10-10, kílò 20 nìyẹn lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọṣẹ wọn kò jìnnà sí ọṣẹ dúdú tiwa: wọ́n á sẹ́ omi kọjá nínú eérú igi, wọ́n á fi ọ̀rá ẹran sè é. Ẹyin ni wọ́n fi ń dán omi eérú náà wò. Bó bá rì, omi náà kò tíì le tó. Bí omi náà bá sì le jù, ọwọ́ ìyá yóò bó.

Oṣù kẹsàn-án ni àwọn àkọ́kọ́ dé, àkókò gbíngbìn ti kọjá, òtútù sì ká wọn mọ́ láìsí ìkórè. Ìtàn ìlú náà ní àwọn ọdẹ Osage, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ti oko ọdẹ bọ̀ ló fún wọn lẹ́ran jẹ. Àwọn Osage yìí kan náà ni ìjọba ti mú kúrò ní Kansas ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀yin ará, ọwọ́ ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ni kànga wà.

Arábìnrin, ìwọ tí wọ́n ṣèlérí ilé fún, tó dé ibẹ̀ tó bá èéfín, sunkún bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́. Olúwa kò ní kí Hágárì nu ojú kí òun tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé nígbà tí Ọlọ́run ṣí i lójú, òun fúnra rẹ̀ ló lọ pọn omi kún ìgò. Ìwọ baálé, ẹni tó ń pọn omi nílé rẹ, ṣé o rí i?

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Ìwọ Ọlọ́run tó ń rí mi, bojú wo gbogbo ìyá tó gbé garawa láàárọ̀ yìí. Fún ọrùn àti ẹ̀yìn wọn lókun.

Olúwa, aláboyún tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, tí kò lágbẹ̀bí nítòsí, ìwọ ni kó o gbẹ̀bí rẹ̀. Kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ.

Bàbá, tu àwọn òbí tó sin ọmọ sójú ọ̀nà àjò nínú.

Bí a bá jókòó sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, dárí jì wá, kí o sì kọ́ wa bí a ó ṣe san oore fún un.

Ṣí wa lójú lónìí ká rí kànga tó wà nítòsí, kí o sì gbé wa dìde ká lè lọ pọn ún. Ní orúkọ Jésù Krístì. Àmín.