Intafíù ní Yábàá: súùtù àbí ṣẹ́ẹ̀tì?

Títí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Àbúrò mi tó wà ní Sùúrùlérè, ilé iṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì kan ní Yábàá ti pè é fún intafíù, iṣẹ́ kóòdù ni o, dádì wa wá lọ yọ súùtù dúdú kan jáde látinú àpótí, wọ́n ní òun ló máa wọ̀ lọ.

Wálé: Kí ló wá burú níbẹ̀? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ jàre. Èmi tí mo ṣe báǹkì ní Marina kí n tó kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù níbí, ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó wá láìde táì? Máìgádì gan-an ò ní dá ẹ lóhùn.

Títí: Marina nìyẹn sẹ́ẹ̀. Ṣebí Zuckerberg wá sí Yábàá ní August 2016, tíṣáàtì lásán ló wọ̀ tó fi ń rìn kiri títì.

Wálé: Ẹni tó ni Facebook nìyẹn! Nígbà táwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pè é ní 2018 ńkọ́, ṣé kì í ṣe súùtù àti táì ló wọ̀ lọ? Ẹni tí wọ́n fẹ́ bi léèrè ló ń múra.

Títí: Háà, ẹ mú mi níbẹ̀ yẹn o. Àmọ́ àwọn tó máa bi í léèrè, jíǹsì ló máa wà nídìí wọn, tó bá wá kó súùtù wọlé, wọ́n á rò pé ó fẹ́ ta ìnṣọ́ránsì fún wọn ni. Mo ní kó kọ́kọ́ bi HR, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó pè é pé báwo ni wọ́n ṣe ń múra níbẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, kó wá fi díẹ̀ ju tiwọn lọ: ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn tó lọ̀ dáadáa, ṣòkòtò chinos, bàtà tó pọ́líìṣì. Ó parí.

Wálé: Oòrùn Èkó ńkọ́? Láti Sùúrùlérè sí Yábàá ò jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí gósìlóò bá mú dánfó ní Ojúẹlẹ́gbà, abíyá ẹ̀ á ti tutù kó tó débẹ̀.

Títí: Ìdí tí mo fi ní kó má wọ áàṣì nìyẹn, kó má wọ búlúù tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn yẹn ló ń fi òógùn hàn jù. Funfun ni, àbí búlúù tó dúdú dáadáa, kó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀. Kó sì lọ aṣọ ẹ̀ nígbà tí iná bá wà, kó má dúró de àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Wálé: Tí ò bá ní ṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Títí: Inú Yábàá náà ṣáà ni ọjà Tejúoṣó wà, okirika tó dáa wà níbẹ̀. Kó yẹ kọ́là àti abíyá ẹ̀ wò dáadáa kó tó sanwó, kó sì fọ̀ ọ́ kí òórùn yẹn lọ.

Wálé: Ṣé kò lè wọ àdìrẹ ni? Èmi fẹ́ràn ẹ̀ o.

Títí: Ọjọ́ Friday ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì Èkó ń wọ ìbílẹ̀, Tuesday sì ni tiẹ̀. Àmọ́ kò burú, tí kò bá ti pariwo jù. Wọ́n tiẹ̀ ní orí Zoom ni intafíù ẹlẹ́ẹ̀kejì máa jẹ́.

Wálé: Ìyẹn rọrùn, òkè nìkan ni wọ́n máa rí.

Títí: Ẹ̀gbọ́n! Tí NEPA bá wá mú iná lọ, tó dìde láti lọ tan jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kó wọ ṣòkòtò o.