Ilé ìwòsàn ní ká máa gbé bàbá lọ sílé: kí ló kù láti ṣe?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ fún ẹlòmíì nínú yín ní ilé ìwòsàn pé, "Ẹ máa gbé bàbá lọ sílé." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo bá wá. Bí iṣẹ́ abẹ kò bá tiẹ̀ lè yọ jẹjẹrẹ inú kúrò mọ́, ìrora ṣì wà tó ṣeé pa, èébì wà tó ṣeé dá dúró. Iṣẹ́ ìṣègùn gidi ni ìtọ́jú amáradẹrùn (palliative care) yìí, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló sì ń kọ́ ọ.

A máa ń pẹ́ ká tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó ń ya ẹ̀jẹ̀, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí la kọ́kọ́ ń fún un. Ẹni tí inú ń ro, a ní ọgbẹ́ inú ni, a ní kó lọ sí kẹ́míìsì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tí èèyàn sì ń rù, jẹjẹrẹ ìfun ńlá lè wà níbẹ̀, ó sì ti lè ràn dé ẹ̀dọ̀ ká tó mọ̀. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Cicely Saunders, tó ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ló dá ilé ìtọ́jú St Christopher's, fún àwọn tí àìsàn wọn kò ṣeé wò sàn mọ́, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Ó kọ́ wa pé ìrora irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ara nìkan: ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀, ìjà ẹbí náà wà níbẹ̀. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà pípa ìrora jẹjẹrẹ jáde, láti orí parasitámọ̀ lọ dé orí mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára. Nítòsí wa, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó dá dúró fún irú ìtọ́jú yìí.

Mọ́fíìnì yìí ló ń dẹ́rù bà yín jù, mo mọ̀. A ti rí ohun tí tramadol ń fi ojú àwọn ọ̀dọ́ wa rí, ìyẹn la fi rò pé oògùn líle kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń mu mọ́fíìnì nítorí ìrora jẹjẹrẹ, tí dókítà ń wọ̀n ọ́n fún, ṣọ̀wọ́n kó di ẹrú rẹ̀. Oògùn olómi ni, ilé oògùn ilé ìwòsàn ló máa ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin la ń fún un, kí ìrora tó padà dé, kì í ṣe ìgbà tí bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Oorun lè kùn ún ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn á lọ. Ìgbẹ́ gbígbẹ kì í lọ ní tirẹ̀, torí náà ẹ béèrè oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ gbé ìgò náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó o. Abẹ́rẹ́ ìrora diclofenac tí ẹ̀ ń lọ gbà ní kẹ́míìsì lójoojúmọ́ ńkọ́? Ó lè dá ọgbẹ́ sí ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Èwo ni ti oúnjẹ? Níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ gidi, ẹni tó kọ oúnjẹ dà bí ẹni tó ti fẹ́ lọ. A ó wá máa fi tipátipá bọ́ ọ, a ó máa sunkún. Jẹjẹrẹ tó ti jinlẹ̀ ló mú kí ara máa rù. Àfipáfún kò lè dá a padà, èébì ló máa ń fà. Ẹ gbé abọ́ ńlá kúrò níwájú rẹ̀. Ṣíbí ògì mẹ́ta tó bá fẹ́ ti tó. Ẹ máa fi omi tutù nu ẹnu rẹ̀.

Bí ikùn bá wú, tó ń bì, tí kò yàgbẹ́, tí kò sì só, ìfun lè ti dí. Ẹ má fún un ní àgbo ìfọnú! Ewu ńlá ni. Ẹ gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ tó ń dín èébì kù. Omi inú ikùn náà ṣeé fà, bó tiẹ̀ máa ń padà.

Àwọn ọmọ a máa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá wa." Ẹ bi bàbá fúnra wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ti fura tipẹ́. Bí ẹ bá sì fi pa mọ́ fún wọn, ta ni yóò fi ààlà oko kòkó hàn yín?

Ìyá kan ní Àkúrẹ́ níbí bi mí bóyá ká dáwọ́ àdúrà dúró ni. Rárá o, mà. Ẹ pe pásítọ̀, ẹ pe àlùfáà, tí aláìsàn bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ààwẹ̀ gba oògùn lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí ìṣọ́ òru, ẹ mú ìgò mọ́fíìnì dání. Bí aago oògùn bá tó láàárín orin, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fún un, kí orin máa lọ.